Ìka Tí Kò Kan Oyin

Ní Ṣakí, ẹni tó fẹ́ ra oyin kì í kọ́kọ́ béèrè iye. "Lá a ná," ni yóò kọ́kọ́ sọ. Olóyin á ki ìka bọ ìgò, á lá a lójú oníbàárà, á gbé e mì, oníbàárà á sì máa wo gògóńgò rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀. Bí olóyin bá kọ̀, kó yáa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Wọ́n á ní ó ti pò ó mọ́ nǹkan.

Àṣà kékeré yìí ló so Mọ́nsúrù mọ́lẹ̀ bí àgbò ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má kánjú dá a lẹ́jọ́. Ẹ gbọ́ ọ dé ìdí ná, kí olúkúlùkù sì wo ìka ọwọ́ tirẹ̀.

Mọ́nsúrù kì í ṣe aláriwo. Alágbàṣe ni nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ń kọ ebè fún àwọn àgbẹ̀ lọ́nà Ìgànná, kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìkòkò sórí igi ẹ̀mì àti igi ayin kí oyin lè wọ inú rẹ̀. Nílé, ó lè jókòó láti ọ̀sán di alẹ́ kó má sọ ju "ó dáa" lọ. Ọjà nìkan ni ohùn rẹ̀ ti ń ròkè, àgàgà ní ọdún tí ṣúgà di àwátì, tí àwọn èèyàn ń tò láti ìdájí sẹ́nu ilé ìtajà ìjọba nítorí páálí kan péré.

"Ṣúgà wọ́n, oyin pọ̀!" ni yóò máa ké. "Oyin kì í ṣe ṣúgà o! Kì í pa ni! Aláàtọ̀gbẹ mu ún, ó sùn, ó jí!"

Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì rà. Mọ́nsúrù kò purọ́ nígbà náà. Ohun tó gbà gbọ́ ló ń kéde.

Àfi ìgbà tí òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́.

Òùngbẹ náà kì í ṣe ti oòrùn. Kẹ́ẹ̀gì omi tó gbé lọ sóko á tán kó tó gun igi kejì. Ó ń tọ̀, ó ń tọ̀, ṣòkòtò rẹ̀ sì ń tú nídìí. Lọ́jọ́ kan, ó tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ayin kan, ó gun igi, ó fi èéfín lé oyin, ó kó afárá. Nígbà tó máa sọ̀ kalẹ̀, èèrà ti bo ibi tó tọ̀ sí bámúbámú, bí ẹni pé ìgò oyin ló fọ́ síbẹ̀.

Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Kò sí ẹni tó dàgbà nílẹ̀ wa tí kò mọ ohun tí èèrà ń wá nídìí ìtọ̀.

Kò lọ sílé ìwòsàn tó wà nílùú, torí ta ni kò mọ Mọ́nsúrù olóyin níbẹ̀? Ó sọ fún Àdìjátù, ìyàwó rẹ̀, pé òun ń gbé oyin lọ sí Ìséyìn, ó sì lọ bá nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Mọ́ládé níbẹ̀. Obìnrin náà da ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ omi búlúù kan nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé e sórí iná. Omi náà yí padà lójú Mọ́nsúrù, ó pọ́n bí bíríkì tí iná jó.

"Bàbá, ṣúgà wà nínú ìtọ̀ yín. Ó pọ̀."

"Nọ́ọ̀sì, ta ló rí ṣúgà rà lásìkò yìí? N kì í mu ṣúgà."

"Kí lẹ wá ń mu?"

"Oyin. Oyin nìkan. Òun niṣẹ́ mi."

Nọ́ọ̀sì gbé ìgò náà sílẹ̀. "Òun gan-an ló ń pa yín. Bàbá, oyin àti ṣúgà, ìyá kan náà ló bí wọn. Ọ̀kan wọ aṣọ funfun, èkejì wọ aṣọ pupa. Bí wọ́n bá ti dé inú ẹ̀jẹ̀ yín, wọ́n á bọ́ aṣọ, ẹ ò ní dá wọn mọ̀ mọ́."

"Kùránì ní ìwòsàn wà nínú oyin."

"Mi ò bá Kùránì jà, bàbá tèmi náà ń kírun. Oògùn ojú, ìwòsàn ni. Ṣé ẹ máa wá ro ó sétí?"

Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn tí yóò máa gbé mì láràárọ̀. Ó tún fún un ní ìgò kékeré kan tí hóró funfun wínníwínní kún inú rẹ̀, ó ní sákárìn ni wọ́n ń pè é.

"Bí ẹnu yín bá ń wá adùn, ẹ ju hóró kan sínú tíì tàbí ògì. Kì í ṣe ṣúgà, kò ní ṣe ẹ̀jẹ̀ yín ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ tèmi, ẹ kọ́ ahọ́n yín kó máa gba nǹkan bó ṣe wà. Ahọ́n dà bí ọmọ kékeré. Ohun tí ẹ bá fi tọ́ ọ ni yóò máa sunkún béèrè."

"Iṣẹ́ mi ńkọ́, nọ́ọ̀sì? Mo gbọ́dọ̀ lá a kí wọ́n tó rà. Lọ́jọ́ ọjà, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni."

"Ẹ ó rí ẹni tí yóò bá yín lá oyin. Ẹ ò ní rí ẹni tí yóò bá yín ṣàìsàn."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń rò nínú ọkọ̀ tó gbé e padà sílé. Ta ni yóò ra oyin lọ́wọ́ aláàtọ̀gbẹ? Wọ́n á ní oyin náà ló jẹ ẹ́. Èyí tó tún burú jù ni pé wọ́n á béèrè pé gbogbo ohun tó ti ń ké lọ́jà láti ọjọ́ yìí ńkọ́? Àwọn aláàtọ̀gbẹ tó ti rà á lọ ńkọ́?

Kí ọkọ̀ tó wọ Ṣakí, ó ti pinnu. Yóò máa mu oògùn rẹ̀, yóò pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ọjà á sì máa lọ.

Ọgbọ́n tó dá kò le. Ìka àárín ni yóò kì bọ oyin. Bí ọwọ́ bá ti ń bọ̀ lẹ́nu, á ká ìka àárín mọ́ àtẹ́lẹwọ́, á na ìka ìfábẹ̀lá, òun ni yóò fi sẹ́nu. Á pọ́n ọn lá, á dijú, á gbé itọ́ lásán mì. Oníbàárà á wo gògóńgò rẹ̀ títí, á sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni yóò nu ìka tó lẹ̀ mọ́ itan ṣòkòtò, láìjẹ́ kí wọ́n rí i.

Kò pẹ́ tó fi mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó di pé kò ní í rò ó mọ́ kó tó ṣe é.

Àdìjátù nìkan ló kíyè sí nǹkan kan.

"Bàbá Àsíátù," ó pè é lọ́jọ́ kan tó ń fọṣọ, "itan ọ̀tún ṣòkòtò yín nìkan ló máa ń lẹ̀ báyìí. Àbí itan yín ló ń ta oyin ni?"

"Ìgò ló ń jò."

"Ìgò tí kì í jò sí itan òsì láé!" Àdìjátù rẹ́rìn-ín, ó sì ń fọ aṣọ rẹ̀ lọ.

Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn fún ìgbà díẹ̀. Ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò. Ó ń gbé hóró sákárìn rẹ̀ kiri nínú agolo àtíkè àtijọ́ kan, bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí, á ju hóró kan sínú ògì. Síbẹ̀, lọ́jọ́ ọjà, igbe àtijọ́ náà ló ń ké. "Oyin kì í ṣe ṣúgà! Aláàtọ̀gbẹ mu ún!" Bó bá dákẹ́, wọ́n á béèrè ohun tó dé. Irọ́ tó ti mọ̀ pé irọ́ ni wá rọrùn lẹ́nu ju òótọ́ lọ.

Ìgbà náà ni àìsàn kan náà mú ìyá ìyàwó rẹ̀.

Ìyá Jẹ́ẹ́dé ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Nígbà tí Mọ́nsúrù lọ tọrọ Àdìjátù, àwọn ará ilé ní alágbàṣe lásán ni, ẹni tí ebè tó ń kọ kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá yìí ló dìde láàárín wọn. "Ẹni tó lè kọ ebè olóko kó gún tó báyìí," ó ní, "yóò tọ́jú ọmọ olóko." Bó ṣe fún un ní ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Mọ́nsúrù kì í gbàgbé.

Ilé ìwòsàn ìlú ni wọ́n gbé ìyá lọ. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n fún un ní hóró sákárìn, wọ́n ní kó má fẹnu kan ṣúgà mọ́. Kò sí ẹni tó dárúkọ oyin, torí kò sí ẹni tó béèrè.

Ìyá fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sílé wọn, ó jókòó sórí àpótí, ó tú ìkanra sílẹ̀.

"Ẹ gbà mí lọ́wọ́ hóró dókítà! Ó ń dùn wọlé, ó ń korò jáde. Bí ìgbà tí èèyàn bá ń lá kọ́bọ̀ ló rí lẹ́nu mi. Ẹ̀kọ mi ò dùn, tíì mi ò dùn. Ẹni tó ń kú lọ kò tún gbọ́dọ̀ fẹnu kan adùn ni?"

"Ìyá, kí lẹ tún ń dààmú sí?" Àdìjátù ní. "Ẹni tó ń sin oyin ló fẹ́ ọmọ yín. Oyin kì í ṣe ṣúgà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkọ mi ni. Ẹ ò gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jà rí ni?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí i. Àdìjátù ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó gbé ọkọ rẹ̀ ga lójú ìyá rẹ̀.

"Àbí irọ́ ni mo pa, Bàbá Àsíátù?"

Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ. Ṣúgà ni oyin, ẹ má mu ún. Ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè pé ta ló sọ fún un. Bó bá ní nọ́ọ̀sì ni, wọ́n á ní kí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Agolo àtíkè náà wà lápò rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ nítan.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Kì í ṣe ṣúgà."

Ìyá gbàdúrà fún un títí ó fi tẹ orí ba.

Láti ọjọ́ náà, Àdìjátù ń gbé oyin lọ fún ìyá rẹ̀. Bí Àdìjátù bá ti rọ oyin sígò tó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ìyá òun, Mọ́nsúrù á fẹ́ dá a dúró. Ó gbìyànjú gbogbo ọ̀nà, àfi ọ̀nà tó tọ́. Ó ní wọ́n dáná sun igbó, oyin ti sá lọ. Àdìjátù wọ yàrá, ó gbé kẹ́ẹ̀gì oyin tí ọkọ rẹ̀ fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde.

"Ẹ gbàgbé eléyìí síbí," ó ní.

Ó ní kí wọ́n dín in kù, pé oyin púpọ̀ máa ń gbóná lára àgbàlagbà. Ìyàwó rẹ̀ wò ó bí ẹni tí ń wo ahun.

"Lórí ìyá mi? Ìyá tó fún yín ní èmi lọ́fẹ̀ẹ́?"

Nígbà tí kò mọ ohun tó kù, ó wọ inú ahéré rẹ̀ lóko, ó se sítáàṣì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, ó jẹ́ kó ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó lọ hóró sákárìn sí i, ó run afárá gbígbẹ díẹ̀ mọ́ ọn kó lè rùn bí oyin. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé adùn ni ìyá ń fẹ́, òun á fún un ní adùn tí kò ní í pa á. Ó gbé ìgò náà lé Àdìjátù lọ́wọ́.

"Oyin tuntun ni. Òun ni kí o máa gbé fún wọn."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Àdìjátù ti padà dé. Ojú rẹ̀ kò dùn.

"Ìyá ní ṣé òun sọ fún yín pé òun fẹ́ lọ aṣọ ni."

"Ṣé kò dùn ni?"

"Wọ́n ní ó dùn bí kọ́bọ̀. Wọ́n ní adùn hóró dókítà tí àwọn ń sá fún ló tún wá bá àwọn nínú ìgò. Ẹ̀gbọ́n mi, Jẹ́ẹ́dé, wà níbẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Ó ní àna àwọn ti ń pa oyin pọ̀. Bàbá Àsíátù, kí lẹ pò mọ́ ọn?"

"N ò po nǹkan kan."

Ìtìjú mú Àdìjátù. Lọ́jọ́ kejì, kó lè tún orúkọ ọkọ rẹ̀ ṣe, ó mú oyin tó dúdú jù, tó ki jù nínú ilé, oyin ẹ̀mì gidi, ó rọ ọ́ kún ìgò ńlá, ó gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Mọ́nsúrù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Kò pè é padà.

Nígbà tó yá, Ìyá fi ìka ẹsẹ̀ kọ òkúta ní àgbàlá rẹ̀. Egbò kékeré ni. Wọ́n fi ewé dì í, kò jinná. Wọ́n fi oògùn ilé ìwòsàn sí i, kò jinná. Ó wú, ó dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Dókítà ń yọ ọ́ lẹ́nu pé ṣé ó jáwọ́ nínú ṣúgà lóòótọ́. Ìyá sì ń búra pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún òun, ṣúgà kò kan ètè òun. Òótọ́ ló ń sọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n.

Jẹ́ẹ́dé, àkọ́bí ìyá, awakọ̀ ni, ẹnu rẹ̀ sì máa ń sáré ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Òun ló pe ìpàdé. Lẹ́yìn ìrun alásàrí, wọ́n jókòó yí ìyá ká níbi tó dùbúlẹ̀ sí lórí ẹní nínú ilé rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá wà lórí àpótí, wọ́n fi aṣọ funfun dì í. Ìgò ńlá náà wà láàárín ilẹ̀. Èyí tó kù nínú rẹ̀ kò ju ìsàlẹ̀ lọ.

"Àna wa," Jẹ́ẹ́dé bẹ̀rẹ̀, "ẹ kú ọjà. Ẹ ti ta oyin, ẹ ti ta sítáàṣì. Ó ku kí ẹ ta ọṣẹ fún wa."

"Jẹ́ẹ́dé," ìyá rẹ̀ ní, "fẹ̀sọ̀ sọ̀rọ̀."

"Ìyá, ẹsẹ̀ yín ń jẹrà! Ẹ̀yin ò mu ṣúgà. Oyin lẹ ń mu, oyin sì jẹ́ ìwòsàn, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Báwo ni ṣúgà ṣe wọ ara yín bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan pò ó mọ́ oyin?" Ó ti ìgò náà síwájú Mọ́nsúrù. "Sítáàṣì la rí ní ti ìṣáájú. Kí ló wà nínú eléyìí? Ẹ lá a níṣojú wa."

Àdìjátù ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ lá a, Bàbá Àsíátù. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí ojú tì wọ́n. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi rọ ọ́, oyin gidi ni."

Oyin gidi ni lóòótọ́. Kò sí àdàlù kankan níbẹ̀. Bí Mọ́nsúrù bá lá èyí tó kan ìka kan lọ́jọ́ náà, kò ní í kú. Yóò jàre, Jẹ́ẹ́dé á tọrọ àforíjì, gbogbo wọn á sì padà sílé.

Ó na ọwọ́. Ó tẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí oyin lè ṣàn dé ẹnu ìgò, ó ki ìka bọ inú rẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu, ó pọ́n ọn lá, ó dijú, ó gbé e mì.

"Ẹ rí i!" Àdìjátù pariwo. "Ẹ rí i bí?"

Jẹ́ẹ́dé wo gògóńgò rẹ̀.

"Tún un ṣe," ìyá ní.

Ohùn rẹ̀ kò le. Mọ́nsúrù wò ó. Gbogbo àwọn yòókù gògóńgò ni wọ́n ń wò, bí gbogbo oníbàárà ti ń ṣe. Ìyá tó dùbúlẹ̀ kò lè rí gògóńgò láti ibi tó wà. Ọwọ́ ló ń wò.

"Ìyá, mo ti lá a."

"Na ọwọ́ rẹ wá síbí, ọkọ ọmọ mi."

Ìgbà náà ni Mọ́nsúrù tó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìka àárín ló ká mọ́ àtẹ́lẹwọ́, oyin dúdú ń ṣàn lórí rẹ̀. Kò pinnu láti ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ ló dá a ṣe, bí ó ti ń ṣe é ní gbogbo ọjọ́ ọjà.

Ìyá di ọwọ́ náà mú. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìka ìfábẹ̀lá. "Eléyìí lo lá. Kò lẹ̀." Ó tú ìka àárín sílẹ̀. "Eléyìí lo kì bọ ìgò. O ò lá a."

"Itan ọ̀tún," Àdìjátù sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Itan ọ̀tún ṣòkòtò."

"Mo mọ̀!" Jẹ́ẹ́dé fò dìde. "Mo ní ó po nǹkan mọ́ ọn! Májèlé ni!"

"Jókòó, Jẹ́ẹ́dé." Ìyá kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. "Bàbá Àsíátù, ìgò ìjọ́sí yẹn, kọ́bọ̀ ni mo tọ́ wò lẹ́nu. Hóró dókítà ni. Níbo ni ìwọ tí ara rẹ le ti rí hóró dókítà?"

Mọ́nsúrù fẹ́ sọ pé òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ òsì yọ agolo àtíkè náà lápò, ó ṣí i, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò oyin. Hóró funfun inú rẹ̀ hàn sí gbogbo wọn.

"Àtọ̀gbẹ ń ṣe mí," ó ní. "Ó ti pẹ́."

Àdìjátù gbé ọwọ́ lérí.

"N ò po nǹkan kan mọ́ oyin inú ìgò yìí. Oyin gidi ni. Oyin gidi yẹn gan-an ló ń ba ẹsẹ̀ Ìyá jẹ́. Ṣúgà ni oyin. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi ní Ìséyìn kó tó di pé Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Mo mọ̀."

"O mọ̀," ìyá ní.

"Mo mọ̀, Ìyá."

"Lọ́jọ́ tí mo ń gbàdúrà fún ọ?"

"Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà."

Ìyá fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mọ́nsúrù ì bá fẹ́ kó gbá a létí.

Àdìjátù ló sọ ọ̀rọ̀ tó wọ Mọ́nsúrù léegun, kò sì pariwo sọ ọ́.

"Ẹ̀yin ń mu hóró, ìyá mi ń mu oyin. Ọwọ́ mi lẹ sì fi ń gbé e fún wọn."

Ọkọ̀ Jẹ́ẹ́dé ló gbé ìyá lọ sílé ìwòsàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí dókítà gbọ́ ọ̀rọ̀ oyin, ó mi orí. Wọ́n gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti lọ jìnnà. Wọ́n gé e lókè ọrùn ẹsẹ̀ kí ìyókù má bàa lọ.

Àdìjátù kó ẹní rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀. Kò bú ọkọ rẹ̀. Bí Mọ́nsúrù bá gbé oúnjẹ wá, á gbà á lẹ́nu ọ̀nà, á ní "ẹ ṣeun," á padà sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ ọjà, Mọ́nsúrù tẹ́ ìgò rẹ̀. Obìnrin kan dúró.

"Lá a ná, Bàbá."

"N ò lè lá a. Àtọ̀gbẹ ń ṣe mí. Ṣúgà ni oyin. Bí àtọ̀gbẹ bá ń ṣe ẹnì kan nílé yín, ẹ má rà á fún un."

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé ẹ ò fẹ́ tajà ni?" Ó kọjá lọ. Àwọn yòókù náà kọjá. Àwọn kan padà wá béèrè nípa bàbá wọn, nípa ọkọ wọn, tí wọ́n ti ń fún ní oyin rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dá gbogbo wọn lóhùn. Òmíràn bú u, òmíràn sunkún. Kò sí ibi tí yóò sá sí, kò sì sá. Nígbà tó yá, ó padà sídìí ọkọ́, ó ń kọ ebè fún àwọn àgbẹ̀ bíi ti àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè tẹ̀ mọ́ bíi ti ọ̀dọ́.

Ní ọ̀sán kan, ó gbé tíì nínú fúláàsì lọ sílé ìwòsàn. Àdìjátù ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, kò sí ẹni tó gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ síímẹ́ńtì.

Ìyá jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

"Dìde. Ilẹ̀ tútù. Bí ìwọ náà bá tún ṣàìsàn, ta ni yóò máa gbé tíì wá?"

Ó dìde. Ó rọ tíì sínú ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dání.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?" ìyá béèrè.

"Kò sí nǹkan kan, Ìyá. Ewé tíì àti omi gbígbóná ni. Bí ẹ bá fẹ́ hóró, ó wà lápò mi."

"Kọ́bọ̀ yẹn?"

"Kọ́bọ̀ yẹn ni."

Ìyá ronú sí i. "Jẹ́ kó wà lápò rẹ. Mo ti dàgbà jù láti máa sunkún adùn." Ó wo ife náà, kò gbà á. Ó wo ọwọ́ Mọ́nsúrù, ìka kọ̀ọ̀kan, àti àtàǹpàkò.

"Lá a ná," ó ní.

Mọ́nsúrù gbé ife náà sẹ́nu. Tíì náà gbóná, ó korò, ó lọ kanlẹ̀ ní ọ̀fun rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún, torí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára ife níbi tí ìyá ti lè rí i.

"Ó korò?"

"Ó korò, Ìyá."

Ìyá na ọwọ́, ó gba ife náà, ó mu ún.